Òkè Sainte-Victoire méjì tí Cézanne yà: èwo ni kí o fi kọ́ṣẹ́?

Paul Cézanne, ayàwòrán ará Faransé, ya òkè yìí, tó wà nítòsí Aix-en-Provence ní gúúsù Faransé, láìmọye ìgbà. Méjì ló wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe àdàkọ: ti nǹkan bí 1887 tó wà ní Courtauld, ilé àkójọ àwòrán kan ní London, àti ti 1902 sí 1904 tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà.

Ti Courtauld ni kí o kọ́kọ́ mú. Ẹ̀ka igi páìnì inú rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà orí òkè, òun ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ya ìlà òkè ná kí o tó ya ẹ̀ka. Bí àlàfo àárín wọn bá fẹ̀ jù, àwòrán á pín sí méjì. Pápá àti afárá ojú irin kò lè dààmú rẹ, wọ́n hàn kedere.

Ti Philadelphia le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Les Lauves, òkè kékeré kan nítòsí Aix, ni Cézanne ti wò ó, kò sí igi ńlá níwájú. Igi àti ilé ti di ègé ọ̀dà lásán. Wo ojú ọ̀run dáadáa: àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé tó jẹ́ ti igi ìsàlẹ̀! Bí o bá yọ ọ́, òkè á dà bí ohun tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ìwé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa pa ààlà ègé rẹ́, tàbí kí wọ́n fi pupa rúsúrúsú lé búlúù tí kò tíì gbẹ. Ẹrẹ̀ ló ń dà. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni kí o lò, kí o sì nù ún kí o tó pààrọ̀ àwọ̀.