Lẹ́sìn lítíréṣọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan l'Álágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń múra fún WAEC, lẹ́sìn yìí dáa gan, àbúrò mi ló ń lọ síbẹ̀. Tíṣà wọn kì í kàn ka nóòtì fún wọn. Nígbà tó dórí dírámà, ó ní kí wọ́n dìde ṣeré, ẹnì kan dá dúró ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ jáde, ìyẹn soliloquy, ẹlòmíì kọjú sáwọn tó ń wòran ó sọ tiẹ̀ bíi pé àwọn tí wọ́n jọ wà lórí ìtàgé ò gbọ́, ìyẹn aside, àbúrò mi ò pa méjèèjì pọ̀ mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ethos, pathos àti logos, ọ̀nà mẹ́ta téèyàn fi ń yí ẹlòmíì lọ́kàn padà, ti Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, ìyá oníṣu l'Ọ́jà Ọba ni tíṣà fi ṣàlàyé ẹ̀: "ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń rà lọ́wọ́ mi, mo ti rẹ́ ẹ jẹ rí?" ethos nìyẹn, kí wọ́n lè fọkàn tán ẹni tó ń sọ̀rọ̀, "ẹ ràn mí lọ́wọ́, owó iléèwé ọmọ ni mò ń wá" pathos, ó ń wá àánú, "iye kan náà ni, tèmi ló tóbi jù" logos, ó ń fi ọgbọ́n ìrònú ṣàlàyé. Ó wọ̀ wọ́n lórí!

Simile (àfiwé tààrà) àti metaphor (àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́) ni wọ́n sáré kọjá, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ tún ti pọ̀ jù nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pín wọn sí méjì.