ScheduledExecutorService ti Java, ẹ gbọ́ tẹnu mi
Ẹ̀yin ará, Timer, irinṣẹ́ kan nínú Java (èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) tó ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tá a bá yàn, ni mo kọ́kọ́ ń lò fáwọn iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, bí i kó máa pa fáìlì àtijọ́ rẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, àmọ́ thread (ọ̀nà tíṣẹ́ ń gbà) kan ṣoṣo ló ní, tí iṣẹ́ kan bá pẹ́ gbogbo ìyókù á máa dúró dè é, tí ọ̀kan bá wá ju exception (àṣìṣe tó yọjú lẹ́nu iṣẹ́) tí ẹnikẹ́ni ò mú, Timer ọ̀hún kú pátápátá nìyẹn. Ìgbà tí mo bọ́ sọ́dọ̀ ScheduledExecutorService, irinṣẹ́ Java míì fún irú iṣẹ́ yìí, tó ti wà látìgbà Java 5 lọ́dún 2004 o, èmi ni mo pẹ́, ara tù mí. Mo fún un ní thread 4, iṣẹ́ kan ò dí èkejì lọ́wọ́ mọ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.

Ibi tójú mi ti rí màbo rèé. Iṣẹ́ mi kan dédé dákẹ́, kò sí nǹkan kan nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe), ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, àṣé null kan (ibi tí kò sí nǹkan kan nínú) ló jẹ́ kó ju exception, tó bá sì ti ju ú lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, kò ní ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́, kò sì ní sọ féèyàn. Ẹ yáa fi try àti catch, tó ń mú exception, wé e!

scheduleAtFixedRate, tó ń ka àkókò látìgbà tíṣẹ́ yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ńkọ́? Tíṣẹ́ bá gùn ju àkókò ẹ̀ lọ, wọn ò ní gun ara wọn, àmọ́ kò ní sinmi rárá. scheduleWithFixedDelay, tó ń dúró lẹ́yìn tíṣẹ́ bá parí kó tó tún bẹ̀rẹ̀, lèmi fẹ́ràn. Tí sáfà bá kú ṣá, ètò yín bá a lọ nìyẹn, inú mẹ́mọ́rì ló wà.