Àgbéyẹ̀wò klíníìkì oríkèé-ara n'Ìbàdàn: ibẹ̀ ni wọ́n ti wo ọwọ́ mi

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni ìwé pélébé kan tí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà láàbù kan nà sí mi lójú èrò. Ó ní, “Mọ́mì, VDRL yín ti jáde o, reactive ni. Dádì náà á gba abẹ́rẹ́.” VDRL ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún sífílíìsì, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni; reactive túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò ní mo ní in. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló gbójú sókè. Ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, òun ló ń bá mi gbé báàgì torí ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Láti ibẹ̀ délé, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

N kò ní sífílíìsì. N kò ní in rí. Lúpọ́ọ̀sì ló ń ṣe mí, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ó sì lè mú kí àyẹ̀wò yẹn parọ́ mọ́ èèyàn. Ó yẹ kí wọ́n fi TPHA, àyẹ̀wò sífílíìsì mìíràn tó dájú jù ú lọ, tún un yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, wọn ò ṣe é. Inú mi ò tíì rọ̀ sí láàbù yẹn títí dòní.

Láti 2019 títí di 2023, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni mò ń tọ́jú. Ara á gbóná, wọ́n á ṣe Widal, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, ó tún di abẹ́rẹ́. Aránṣọ ni mí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ ìka mi á ti gan pa, n kì í lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ títí di aago mẹ́wàá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi ṣe é. Irun iwájú orí mi ń já. Ìyá mi ní iṣẹ́ ayé ni, a lo ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà.

Klíníìkì náà wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Obìnrin ojú fèrèsé káàdì dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìwé mi ò ní òǹtẹ̀. Ìgbà kejì, mo fi ọwọ́ mi tó wú hàn án, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ ṣàánú mi.” Ó ti fèrèsé.

Ìgbà kẹta ni mo tó rí dókítà. Ó kéré sí àbúrò mi àbíkẹ́yìn. Kò tíì ṣí fáìlì tó fi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.” Ó fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé ìka mi níkọ̀ọ̀kan dé ọrùn ọwọ́, ojú mi ló ń wò bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọjú sí fèrèsé. Dúdú tó tẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, tó gba orí imú kọjá, tí àwọn oníbàárà mi ní kíríìmù ìbóra ló fà á, òun ló ń wò. Ó ní ara òyìnbó ló ti máa ń pọ́n, tiwa lè dúdú. Ó bi mí bóyá oòrùn máa ń dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún.

Wọn ò ṣe ANA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá irú àìsàn yìí, níbẹ̀ o. Èkó ni ẹ̀jẹ̀ mi lọ, owó ara mi ni, wọ́n sì sọ èsì àkọ́kọ́ nù, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. A tún un gbà. 1:640 ló jáde, ó ga, anti-dsDNA tó máa ń tọ́ka sí lúpọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, purotéènì wà nínú ìtọ̀ mi.

Dókítà ní kí n pe ọkọ mi wọlé. Ó ṣàlàyé pé ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló kọjú ìjà sí onílé, pé nínú èèyàn 10 tó ń ṣe, nǹkan bí 9 ni obìnrin. Ó wá fi èsì TPHA hàn án: kò sí nǹkan kan. Ọkọ mi wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, má bínú,” ó sì gbé báàgì mi.

Hydroxychloroquine ni mò ń lò, oògùn ibà àtijọ́. Wọ́n ní kí n máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún, kí n má sì dá a dúró bí ara bá tilẹ̀ yá. Mi ò tíì bá a nínú fámásì wọn rí, ìta ni mo ti ń rà á. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, aago méje àárọ̀, èmi fúnra mi ni mo ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Máàkì mi, àti fèrèsé káàdì àti gbogbo rẹ̀: 5 nínú 5.