Ihò imú àti ṣónṣó imú: àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ń tà fún ará Ìkòròdú

Ará Ìkòròdú tó bá fẹ́ kí ihò imú òun kéré sí i, tàbí kí ṣónṣó rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọn yóò máa polówó fún un: ike ìhámú, abẹ́rẹ́ àwọn onílé ìṣaralóge, àti iṣẹ́ abẹ. A yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ọ̀kan ṣoṣo ló tó owó ná sí, òun náà kì í sì í ṣe fún gbogbo imú.

Ike ìhámú ò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ fi há imú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, pé tó bá yá ẹ ó rí ìyàtọ̀. Eegun múlọ́múlọ́ tó wà nímú àgbàlagbà ò mọ̀ pé wọ́n há òun. Ẹ yọ ike náà, imú á padà sáyè rẹ̀ kí ẹ tó jẹun tán. Egbò àti àmì dúdú níbi tí ike ti ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló lè kù. Bó ti wù kówó ẹ̀ kéré tó, òfò ni.

Abẹ́rẹ́ ló ń bà wá lẹ́rù. Èròjà tó rí bíi jẹ́lì ni wọ́n ń gún sí igi imú tàbí ṣónṣó rẹ̀ kó lè ga. Kò lè dín ihò imú kù o, nítorí ohun tí a gún wọlé kì í mú ẹran kúrò. Hyaluronic acid ni àwọn dókítà ń lò jù, ó sì máa ń yọ́ dànù láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àbọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ igi imú so mọ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹyinjú. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì bọ́ sínú ọ̀kan, jẹ́lì á dí i. Awọ imú á funfun, á dúdú, á kú. Ojú pàápàá lè fọ́, kó sì má là mọ́. Oògùn tó ń tú jẹ́lì yìí wà, hyaluronidase lorúkọ ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in nítòsí níbi tó ti ń gúnni, kò yẹ kó mú abẹ́rẹ́ dání rárá. Silikóònù olómi, tí àwọn kan ń gún dípò rẹ̀, kò ní oògùn kankan tó lè tú u. Ẹni tó ń tún èékánná ṣe, tó ń lẹ ìpéǹpéjú, tó wá ní òun lè gún imú pẹ̀lú, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ó wá ku iṣẹ́ abẹ. Oríṣi méjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan làwọn èèyàn ń pè é. Ti àkọ́kọ́ ni dídín apá imú kù, ìyẹn ẹran rìbìtì méjèèjì tó yí ihò imú ká. Èkejì ni títún ṣónṣó ṣe. Ti apá imú ló rọrùn jù. Robert Weir, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1892, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe irú gígé náà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ti tó, lidocaine tí wọ́n fi adrenaline díẹ̀ sí kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Ẹni náà ò ní sùn, kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Ibi tí ẹ ti máa mọ oníṣẹ́ ni ìgbà tó bá ń fa ìlà. Ẹ̀yin á wà ní ìjókòó, òun á fi kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn ìbú, wọn apá ọ̀tún, á wọn tòsì, á fi gègé sàmì sí ibi tó máa gé, kó tó mú abẹ́rẹ́ rárá. Omi abẹ́rẹ́ máa ń mú imú wú. Ẹni tó bá wá wọn imú tó ti wú, wíwú ló wọ̀n, kì í ṣe imú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó yẹ kó dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí adrenaline ráyè ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ń kánjú gé, ẹ̀jẹ̀ á bo ìlà tó fà mọ́ ọn lójú.

Ohun tó ń gé kúrò kò ju mìlímítà méjì sí mẹ́rin lọ lápá kọ̀ọ̀kan, bí ìbú hóró ìrẹsì kan tàbí méjì. Abẹ kì í wọ inú kòtò tó pààlà sáàárín apá imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an. Ó máa ń fi bíi mìlímítà kan sílẹ̀ lókè rẹ̀, kí okùn lè rí ẹran dì mú, kí àpá sì fara pamọ́ sínú òjìji kòtò náà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní 6-0 ni wọ́n sábà fi ń rán an. Ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje ni wọ́n ń tú u. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àmì okùn á tò sójú bí àkàbà.

Imú fífẹ̀ ò sì rí bákan náà. Ti ẹlòmíì, apá ló rọ̀ síta, inú ihò ò tóbi: apá ni kí wọ́n gé níbẹ̀. Ti ẹlòmíì, ilẹ̀ ihò ló gbòòrò: ilẹ̀ náà ni kí wọ́n dín kù. Ẹni tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo lòun ń gbà gé imú gbogbo ayé, imú tó máa ń jáde lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń dà bí èyí tí wọ́n gbé wá lẹ̀ mọ́ ojú. Bó bá sì gé ilẹ̀ ihò jù, ihò á há, èémí á máa fọn bíi fèrè lóru. Èyí ṣòroó tún ṣe ju imú fífẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹran tí wọ́n ti gé dànù, ẹyin tó fọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń béèrè pé èwo ni dókítà fẹ́ kọ́kọ́ ṣe bó bá jẹ́ pé méjèèjì ni ẹ fẹ́. Ìdáhùn tó dáa ni ṣónṣó. Bí ṣónṣó bá gòkè, ó máa ń fa apá méjèèjì wọlé fúnra ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé gígé apá ò tiẹ̀ ní pọn dandan mọ́.

Ẹ fi ìka tẹ ṣónṣó imú yín. Bó bá wọlé bí ìgbà tí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ etí, eegun ibẹ̀ rọ̀, kò sì gùn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú wa rí: awọ nípọn, ó ní ọ̀rá, eegun abẹ́ ẹ̀ ò lágbára. Gígé eegun kúrò láti fi mú ṣónṣó kéré, bí wọ́n ti ń ṣe fáwọn tí awọ wọn fẹ́lẹ́, kì í bá irú imú yìí lára mu. Bí ìgbà tí èèyàn yọ irin lábẹ́ kánópì tí òjò ti rin ni: kánópì ò ní rẹwà, wíwó ló máa wó. Òpó ni imú wa ń fẹ́. Wọ́n á mú eegun múlọ́múlọ́ láti inú ògiri àárín imú, tàbí láti etí, tàbí láti ìhà, wọ́n á fi ti ṣónṣó lábẹ́, wọ́n á fi okùn so orí eegun ṣónṣó méjèèjì, tọ̀tún tòsì, pọ̀. Bó bá jẹ́ inú ògiri imú ni wọ́n ti mú un, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lókè àti níwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi imú á rì tó bá yá. Iṣẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta ni, wọ́n á kun yín lóorun.

Ẹ̀sùn kan rèé tí a ní sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ní imú ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú méjèèjì lọ. Ojú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n yẹn. Bí wọ́n bá fi lé ojú gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, imú àlejò ni wọ́n máa gbé sójú onílé.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ: ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgbóbì ní ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH n'Íkẹjà náà ní in. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ wo ìwé HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn, lára ògiri, kí ẹ béèrè ìwé àṣẹ ti ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé dókítà náà ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara. Pé ẹnì kan jẹ́ dókítà nìkan ò tó. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá kó àyẹ̀wò, owó yàrá iṣẹ́ abẹ, owó ẹni tó ń kunni lóorun, àti títú okùn pọ̀. Ibẹ̀ ni owó kékeré ti máa ń di ńlá. Ẹ má sì wọ dáńfó padà sí Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Gbígbọ̀n ojú ọ̀nà, eruku, àti gó-sílóò Máìlì 12 ò dáa fún imú tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá pátápátá.

Kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, àti jínótáìpù. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ dá aspirin, ibuprofen àti àgbo dúró. Ẹni tó ń pa ìpara ìbóra, kó sọ fún dókítà; púpọ̀ nínú wọn ní steroid tó ń mú awọ fẹ́lẹ́, tí kì í jẹ́ kí egbò tètè jiná. Ẹni tí àpá ara rẹ̀ tàbí ti ará ilé rẹ̀ máa ń wú sókè, kó sọ ìyẹn náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbé orí ga sórí ìrọ̀rí méjì sùn, ẹ má fun imú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu ni kí ẹ yà bí ẹ bá fẹ́ sín. Mùsùlùmí tó bá máa ń fín omi símú nígbà àlùwàlá, tó sì máa ń fi imú kanlẹ̀ lórí ìrun, kó bá ààfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kó máa kírun ní ìjókòó títí dókítà yóò fi ní ó ti dáa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ báńdéèjì, ṣónṣó á tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, á sì le. Ẹ má bá dókítà jà. Awọ tó nípọn lè gba ọdún kan, nígbà míì ọdún méjì, kí wíwú rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ tán. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sí oṣù Kejìlá, tó wá ń ronú àtiṣe ṣónṣó ní oṣù Kẹwàá, kó sún un di ọdún tó ń bọ̀. Apá imú nìkan ló lè bá ìgbéyàwó náà.