Àgbéyẹ̀wò: kóòṣì àdúgbò tó ń fi bọ́ọ̀lù tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin òbí tó ń béèrè bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé lápá Òkè-Àdó yìí dára fún ọmọ, èsì mi rèé: ó dára, pàápàá fún ọmọ ọdún 9 sí 14. Owó oṣù rẹ̀ kò tó owó lẹ́sìnnì. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mójú tó.

Ní ọ̀pọ̀ pápá àdúgbò wa, ogún ọmọ ló ń tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbá tirẹ̀ tán á tún lọ tò. Lọ́dọ̀ kóòṣì yìí, ọmọ méjì ló ń lo bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 15 mú ara gbóná: sísáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbígbé orúnkún sókè, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà fífò. Ó máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń balẹ̀, torí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gan-an-ran balẹ̀ lè ba orúnkún rẹ̀ jẹ́.

Ike omi mẹ́fà tí wọ́n rọ yanrìn kún ni wọ́n ń fi ṣe àmì, ìṣísẹ̀ kan síra wọn. Ọmọ á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún darí bọ́ọ̀lù gba àárín wọn lọ, á fi òsì darí rẹ̀ bọ̀. Kóòṣì á dúró ní ìparí ìlà, á na ìka sókè, ọmọ á sì pe iye ìka tó rí láìdúró. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù nìkan kò ní rí i. Ohun tó ń kó bá ọ̀pọ̀ wọn ni pé wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù jìnnà sí ẹsẹ̀, wọ́n á wá máa lé e kiri.

Fún gbígbá bọ́ọ̀lù sókè léraléra, tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, á ní kí olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún un gbá, títí kò fi ní kan ilẹ̀ mọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ń yí padà wá síbi àyà, ọmọ náà ló gbé ìka ẹsẹ̀ sókè jù. Bó bá ń sá lọ síwájú, ọrùn ẹsẹ̀ ló rọ̀. Ibi okùn bàtà ni kó fi gbá a.

Wákàtí kejì, mẹ́rin sí mẹ́rin ni, lórí góòlù kékeré mọ́ńkì-póòsì, kí bọ́ọ̀lù lè máa kan olúkúlùkù lemọ́lemọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí ni mo kà sí jù. Wọ́n á jókòó, kóòṣì á béèrè iṣẹ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó pẹ́ dé ló ń kó ike. Kò sí nínà, kò sí èébú. Àpẹẹrẹ tó ń fún wọn ti ìlú yìí wá. Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars Ìbàdàn méjì ló gbá gbogbo góòlù náà: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Mudashiru Lawal gbá ẹyọ kan. Poli Ìbàdàn ni Ọdẹ́gbàmí ti kàwé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Lawal ń ṣe kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní sọ pé torí bọ́ọ̀lù lòun ṣe pa ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tì.

Kì í sì í fi òkè òkun tan ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ fún àwọn òbí pé òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ mìíràn, àfi ìwọ̀nba ọ̀ràn tí òfin náà yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín láti mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ibi tó kù sí ni bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà 5, ìwọ̀n tí àgbà ń gbá, ni gbogbo wọn ń gbá, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà 4 ló yẹ ọmọ ọdún 8 sí 12. Nọ́ńbà 5 wúwo tó 410 sí 450 gíráàmù. Ọmọ kékeré á máa fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ ta á kó lè lọ, àṣà yìí kì í sì í tètè kúrò lára. Fọkanáísà tún máa ń fún bọ́ọ̀lù ní afẹ́fẹ́ jù, á le, á máa ta kúrò lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ sábà máa ń wà lára bọ́ọ̀lù, nítòsí ihò rẹ̀. Àwọn tó wọ búùtù àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán tún ń gbá pọ̀, èyí kò dára rárá.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, píọ̀-wọ́tà dídì tí wọ́n fi aṣọ wé ni kóòṣì ń gbé lé e, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi róòbù wọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó tọ̀nà, torí wíwọ́ ń mú kó wú sí i.

Ẹ fún ọmọ ní omi tó pọ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti ohun ìdáàbòbò ojúgun. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà 4 nílé, ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i lára, kó máa gbé e wá.