Mo ti san gbèsè káàdì tán, èlé ṣì ń wọlé!

Mi ò ní dárúkọ báńkì yìí o, àmọ́ ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, ọ̀kan nínú ẹ̀ dẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin tó gbé fóònù mi kẹ́yìn. London ni mo wà, mo jẹ gbèsè lórí credit card wọn fóṣù bíi mẹ́rin, mo wá san gbogbo ẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní ó parí. Oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tún gbé èlé £23 kọ́ mi lọ́rùn! Mo pè wọ́n, orin ni mo ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú 40, ẹni tó wá gbé e kàn ń sọ "system, system" ṣáá.

Ọmọbìnrin yẹn ló là á yé mi: tẹ́ ẹ bá ti ń ru gbèsè bọ̀ láti oṣù dé oṣù, ojoojúmọ́ lèlé ń gorí ẹ̀ títí dọjọ́ tówó yín máa wọlé, kò dúró níbi tí sítétímẹ́ǹtì (ìwé ìṣírò oṣooṣù) dé. Ó yé mi, àmọ́ kí ló dé tẹ́nì kan ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo béèrè iye tí màá san tó máa tán pátápátá?

Mo bá kọ kọ̀ǹpíléènì gidi, mo fi kún un pé tí ọ̀sẹ̀ 8 bá pé tí wọn ò yanjú ẹ̀, Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń bá èèyàn yanjú ẹjọ́ pẹ̀lú báńkì, ló kàn (ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín). Lọ́sẹ̀ kẹta owó mi padà. Wọn ò tiẹ̀ bẹ̀ mí dáadáa, "goodwill" (inú rere) ni wọ́n pè é, ẹ gbọ́ nǹkan!