CLEVR àbí ìbéèrè tí a fọwọ́ ara wa ṣe?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin máa ń béèrè èyí tó dára jù láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

CLEVR, àkójọ àwòrán àti ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, jáde ní 2017. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ dátà tó máa jẹ á dùn yín: fáìlì rẹ̀ tó 18GB. Àwòrán 100,000 ló wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù, àpótí àti òpó roboto nìkan, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ tuntun lè ti rí i rí.

Ìbéèrè tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe ò ju ìwé àti bírò lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Ẹ bi ẹ̀rọ náà pé: “Mo dúró ní Ìlọrin, mo kẹ́yìn sí Jẹ́bà. Ọwọ́ wo ni Ọ̀fà wà?” Òsì ni. Ewu ibẹ̀ ni pé ó lè ti há máàpù sórí, nítorí náà ẹ ya ọjà tí kò sí níbì kankan, kí ẹ to ìsọ̀ sí i, kí ẹ wá yí ẹni tó dúró padà. Èmi fẹ́ràn èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe tiyín náà lè wọ inú ìdáhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi èsì yín wé ti àwọn ẹlòmíì, CLEVR ni. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ́, ẹ ṣe tiyín.